Orí Kẹta: Àwọn Òkè Olódi Àríwá Atlanta, àti Bí Ẹgbẹ́ Ọ̀rẹ́ Ṣe Lè Bẹ̀ Wọ́n Wò

Kò sí ẹni tí ó níláti kọ́ ọmọ Yorùbá ní ohun tí òkè jẹ́ fún ẹni tí ogun ń lé. Nígbà tí ogun tú igbó Ẹ̀gbá ká, tí ilé kò gba àwọn ọmọ Lísàbí mọ́, tí ọ̀nà kò sì gbà wọ́n, abẹ́ àpáta Olúmọ ni Ṣódẹkẹ́, olórí wọn, kó wọn sá sí ní nǹkan bí ọdún 1830, ibẹ̀ ni wọ́n sì tẹ̀dó sí, tí ó di ìlú Abẹ́òkúta títí di òní olónìí. Àwọn ará Ìdànrè gbé orí òkè láti ìrandíran, wọn kò sì sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá. Àwọn ará Ìjẹ̀bú ẹ̀wẹ̀, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, wa yàrà, wọ́n sì mọ odi tí a ń pè ní Erédò Súngbọ́, èyí tí gígùn rẹ̀ tó 160 kìlómítà. Ẹni tí ó bá ti irú ilé bẹ́ẹ̀ jáde kò lè rí odi àtijọ́ lórí òkè ní ilẹ̀ àjèjì kí ó máa wò ó bí òkúta lásán.

Àwọn tí ó fẹ́ràn irú ìtàn báyìí a máa lọ sí gúúsù ilẹ̀ Faransé, kí wọ́n lè gun àwọn òkè tí ilé olódi wà lórí wọn, níbi tí àwọn onígbàgbọ́ kan tí a ń pè ní Cathar sá sí ní nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn, tí Póòpù àti ọba ilẹ̀ Faransé sì lépa wọn dé ibẹ̀. Ìrìn rere ni, a ó sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ kí orí yìí tó parí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ọmọ wa tí ń gbé Atlanta àti agbègbè rẹ̀, láti Lithonia dé Lawrenceville, láti Marietta dé College Park, ni kò mọ̀ pé ìrìn wákàtí kan sí méjì péré ni ó wà láàárín ilé wọn àti àwọn òkìtì, yàrà àti odi òkúta tí ó ti wà kí Òyìnbó tó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àti ìtàn àwọn ènìyàn tí a lé kúrò lórí ilẹ̀ bàbá wọn ní ọ̀nà tí yóò yé ọmọ Ẹ̀gbá ju ẹlòmíràn lọ.

Ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ̀yin ọ̀rẹ́ tí ẹ bá ń lọ máa bi ara yín ní ìdí odi kọ̀ọ̀kan. Ta ni ó kó òkúta yìí jọ? Kí ni ó ń sá fún, tàbí kí ni ó ń dáàbò bò? Níbo ni àwọn ọmọ rẹ̀ wà lónìí? Àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni yóò la ojú yín.

Ìmúrasílẹ̀

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà; ìrìn òkè kì í ṣe ohun tí à ń dá ṣe. Ẹgbẹ́ ènìyàn mẹ́rin sí mẹ́jọ, nínú ọkọ̀ kan tàbí méjì, ni ó dára jù, nítorí pé bí ẹ bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdúró de ara yín yóò jẹ ọjọ́ tán. Ẹ yan ẹnìkan ṣe olórí ìrìn kí ẹ tó kúrò nílé, kí owó ìwọlé àti àkókò wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ abẹ gé. Bí ìyá tàbí bàbá ẹnìkan nínú yín bá ti ilé wá kí ọmọ, tí wọ́n sì fẹ́ bá yín lọ, ẹ má ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Iwájú ọkọ̀ ni kí ẹ fi wọ́n jókòó sí, ìwọ̀n ẹsẹ̀ tiwọn ni kí gbogbo ẹgbẹ́ máa rìn, kí ẹ sì yan àwọn ibi tí wọ́n lè jókòó sí nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ bá ń gun òkè.

Ìparí oṣù kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ni àkókò tí ó dára jù, nígbà tí ewé igi bá ń pọ́n lórí gbogbo òkè àríwá. Oṣù kẹta sí ìkarùn-ún ni ó tẹ̀lé e. Oòrùn oṣù keje àti ìkẹjọ gbóná, ààrá a sì máa sán lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ ni orí òkè kì í ṣe ibi tí ààrá gbọ́dọ̀ ká ènìyàn mọ́. Nígbà òtútù, yìnyín lè dì sí ojú ọ̀nà òkè, nítorí náà ẹ gbọ́ ìròyìn ojú ọjọ́ kí ẹ tó gbéra.

Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í yọ̀ ni kí ẹ wọ̀. Ẹni tí ó bá wọ sálúbàtà, ìdí ọkọ̀ ni kí ó jókòó sí. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé omi lítà méjì dání, pẹ̀lú aṣọ òtútù, nítorí pé òtútù orí òkè máa ń ju ti Atlanta lọ. Ẹ di oúnjẹ yín láti ilé: mọ́ínmọ́ín, àkàrà, jọ̀lọ́ọ̀fù àti dòdò dára fún ìrìn, nítorí wọn kò níláti gbóná kí wọ́n tó dùn. Ṣùgbọ́n ẹranko béárì wà nínú igbó àríwá Georgia, òórùn oúnjẹ a sì máa fà wọ́n wá. Ẹ kò gbọdọ̀ fi àjẹkù sílẹ̀, ẹ kò sì gbọdọ̀ jù ú sínú igbó. Ejò tí ìrù rẹ̀ ń dún wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà ojú ọ̀nà ni kí ẹ máa tọ̀, ẹ má sì ṣe ti ọwọ́ bọ abẹ́ òkúta. Fóònù kì í ṣiṣẹ́ dáadáa níbi púpọ̀ lórí òkè. Ẹ ti ilé gba àwòrán ọ̀nà sórí fóònù yín. Ní ìparí, àwọn ibi ìtàn tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń tọ́jú kì í ṣí lójoojúmọ́, iye owó ìwọlé sì máa ń yí padà, nítorí náà ẹ pè wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ ó lọ gan-an.

Stone Mountain: ibi tí a ó ti dán ẹsẹ̀ wò

Kí ẹgbẹ́ yín tó lọ sí ọ̀nà jíjìn, ẹ kọ́kọ́ fi òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan gun Stone Mountain, tí ó wà ní nǹkan bí máìlì 16 sí ìlà oòrùn àárín ìlú Atlanta. Àpáta kan ṣoṣo ni, gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 825 ju ilẹ̀ tí ó yí i ká lọ, ọ̀nà ìgòkè rẹ̀ sì tó máìlì kan. Ọmọ Abẹ́òkúta tí ó bá dúró ní ìdí rẹ̀ yóò rántí Olúmọ, ìrántí náà kò sì ṣìnà, nítorí pé àwọn ọmọ onílẹ̀ ti mọ odi òkúta yí orí àpáta yìí ká rí. Àwọn tí ó wá wò ó ní ọgọ́rùn-ún ọdún 19 rí odi náà, wọ́n sì kọ̀wé nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n òkúta rẹ̀ tán díẹ̀díẹ̀, kò sì ku nǹkan kan mọ́ lónìí. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín gbọ́ èyí ní orí òkè níbẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé àjogúnbá tí a kò bá ṣọ́, ojú wa náà ni yóò ṣe parẹ́.

Ẹ má sì ṣe fi ìyókù ìtàn àpáta náà pamọ́ fún wọn. Orí rẹ̀ ni ẹgbẹ́ Ku Klux Klan ti tún ara wọn dá sílẹ̀ ní ọdún 1915, ara rẹ̀ ni a sì gbẹ́ àwòrán àwọn olórí mẹ́ta tí ó jà fún ìhà gúúsù nígbà ogun abẹ́lé sí, iṣẹ́ tí ó parí ní ọdún 1972. Nígbà tí Martin Luther King, ọmọ bíbí Atlanta, sọ̀rọ̀ ní Washington ní ọdún 1963, ó dárúkọ òkè yìí láàárín àwọn òkè tí ó fẹ́ kí agogo òmìnira dún lórí wọn. Lónìí, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Áfíríkà ni ilé wọn wà ní àyíká rẹ̀. Ọkọ̀ orí wáyà wà fún àwọn àgbà tí ẹsẹ̀ wọn kò lè gòkè.

Bí ẹ bá ti ń lọ sí àríwá ní ojú ọ̀nà I-75, ẹ ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kennesaw Mountain, níbi tí ọmọ ogun ìhà àríwá, tí Sherman ń darí, ti kọlu ti ìhà gúúsù, tí Johnston ń darí, nígbà ogun abẹ́lé náà, ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà, ọdún 1864. Nǹkan bí 3,000 ni ó kú tàbí tí ó fara gbọgbẹ́ nínú àwọn tí ó gòkè, nǹkan bí 1,000 nínú àwọn tí ó dúró lẹ́yìn yàrà. Yàrà ogun náà ṣì wà títí di òní, ó sì yẹ ní wíwò fún wákàtí kan bí àyè bá wà.

Etowah: òkìtì, yàrà àti odi

Ẹ yà kúrò ní I-75 ní ẹ́síìtì 288, ní Cartersville. Níbi yìí ni ẹ ó ti rí ìlú olódi kan tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn ilé olódi ilẹ̀ Faransé ní ọjọ́ orí, nítorí pé láti nǹkan bí ọdún 1000 títí dé nǹkan bí 1550 ni àwọn ènìyàn fi gbé inú rẹ̀. Òkìtì mẹ́fà ni wọ́n mọ, èyí tí ó ga jù ga tó ẹsẹ̀ bàtà 63, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n sì fi agbọ̀n ru erùpẹ̀ rẹ̀, láìsí ẹṣin, láìsí kẹ̀kẹ́. Olórí ìlú ń gbé lókè, pápá ìpàdé wà nísàlẹ̀, odi igi tí a rì mọ́lẹ̀ yí wọn ká, yàrà jíjìn sì wà lẹ́yìn odi, odò sì ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ẹ dúró pẹ́ ní etí yàrà náà. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń kọ́ ìlú nílẹ̀ Yorùbá nígbà ogun, tí ààfin wà ní àárín, tí ọjà wà níwájú ààfin, tí odi àti yàrà sì yí gbogbo rẹ̀ ká, yóò rí i pé èrò kan náà ni ó wà lọ́kàn àwọn tí ó kọ́ Etowah, bí wọn kò tilẹ̀ gbúròó wa rí. Ẹ wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lọ, kí ẹ wo ère ọkùnrin àti obìnrin tí a fi òkúta mábù gbẹ́, èyí tí àwọn awalẹ̀pìtàn hú jáde nínú ọ̀kan nínú àwọn òkìtì náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ rìn dé etí odò, níbi tí ìgẹ́rẹ́ òkúta tí wọ́n fi ń dẹ ẹja ṣì wà nínú omi. Àwọn ará Muscogee, tí ìjọba wọn wà ní Oklahoma lónìí, ni ó ń pe àwọn ará Etowah ní bàbá ńlá wọn.

New Echota: olú-ìlú tí a gbà lọ́wọ́ onílé

Láti Cartersville, ẹ tún gba I-75 lọ sí àríwá dé ẹ́síìtì 317, kí ẹ yà sí ọ̀nà 225. Kò sí òkè níbi yìí, kò sì sí odi, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ kò ní mọ ìdí tí òkè fi ṣe pàtàkì. New Echota ni àwọn Cherokee, ọmọ onílẹ̀ agbègbè yìí, sọ di olú-ìlú wọn ní ọdún 1825. Wọ́n ní ilé ìgbìmọ̀, wọ́n ní ilé ẹjọ́ gíga, wọ́n sì ní ilé ìtẹ̀wé, nítorí pé ọkùnrin kan nínú wọn, Sequoyah, ti jókòó ti èdè wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ti ṣẹ̀dá àmì ìkọ̀wé fún un ní nǹkan bí ọdún 1821, débi pé ọmọdé àti àgbà ń ka ìwé ní èdè wọn. Ní oṣù kejì ọdún 1828 ni ìwé ìròyìn wọn, Cherokee Phoenix, jáde, ní èdè Cherokee àti Gẹ̀ẹ́sì; ọdún 31 lẹ́yìn èyí ni Ìwé Ìròyìn ti míṣọ́nnárì Henry Townsend jáde ní Abẹ́òkúta. Ẹ mú àwọn ọmọ tí ń sọ pé kíka Yorùbá ṣòro wọ ilé ìtẹ̀wé tí a tún kọ́ síbẹ̀, kí wọ́n wo àwọn àmì Sequoyah fúnra wọn.

Ní ọdún 1830 kan náà tí àwọn Ẹ̀gbá ń tẹ̀dó sí abẹ́ Olúmọ, Ààrẹ Andrew Jackson fọwọ́ sí òfin tí yóò lé àwọn ọmọ onílẹ̀ kọjá odò Mississippi. Àwọn Cherokee kò gbé idà. Ilé ẹjọ́ ni wọ́n lọ. Ní ọdún 1832, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ní Amẹ́ríkà dájọ́, nínú ẹjọ́ míṣọ́nnárì tí ń jẹ́ Samuel Worcester, pé òfin ìpínlẹ̀ Georgia kò ní agbára lórí ilẹ̀ Cherokee. Ilé Worcester ṣì dúró ní New Echota, ẹ ó rí i. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ náà kò dá ẹnikẹ́ni dúró: ní ìparí ọdún 1835, àwọn Cherokee díẹ̀ tí orílẹ̀-èdè wọn kò rán níṣẹ́ fọwọ́ sí ìwé pé àwọn fi ilẹ̀ sílẹ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 1838, àwọn ọmọ ogun kó àwọn Cherokee bí 16,000 kúrò nílé. Nǹkan bí 4,000 ni a gbà pé wọ́n kú nínú àgọ́ àti ní ojú ọ̀nà, tí a fi ń pe ìrìn náà ní Ọ̀nà Omijé.

Ọ̀nà 225 kan náà ni ẹ ó tọ̀ dé Spring Place, níbi tí ilé bíríkì tí olówó Cherokee kan, James Vann, kọ́ ní ọdún 1804 wà. Ilé náà lẹ́wà, ṣùgbọ́n ẹrú ni ó ń ṣiṣẹ́ oko rẹ̀, àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó ju 100 lọ, àwọn ẹrú Cherokee sì rìn ní Ọ̀nà Omijé pẹ̀lú àwọn olúwa wọn. Ẹ bi àwọn tí ń tọ́jú ilé náà léèrè àwọn ènìyàn wa wọ̀nyí, kí ẹ sì gbọ́ ìdáhùn náà pẹ̀lú ọkàn tútù, nítorí pé ogun tí ó lé àwọn Ẹ̀gbá sí abẹ́ òkúta ni ó ta ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá sí òkè òkun, ọwọ́ àwọn aráalé wa sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí a ni lára lè ni ẹlòmíràn lára. Ìtàn tí ó bá fi èyí pamọ́ kì í ṣe òtítọ́.

Fort Mountain: odi tí ó ń wá bàbá

Láti Spring Place, ẹ wọ Chatsworth, kí ẹ gba ọ̀nà 52 gòkè lọ sí ìlà oòrùn. Ọ̀nà náà ń yí, ó sì ń ga. Ẹni tí ó mọ ọkọ̀ wà jù nínú yín ni kí ó di ìdarí mú, kí ẹ sì rí i pé ilẹ̀ kò ṣú mọ́ yín lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbọ́kọ̀ sí inú ọgbà ìjọba, ẹ ó fi ẹsẹ̀ gun ìyókù. Ìrìn náà kò gùn, ṣùgbọ́n ó ga, òkúta sì wà ní ojú ọ̀nà.

Odi náà nìyí: òkúta tí a kò fi amọ̀ lẹ̀, tí a kó lé ara wọn, gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 855, níbì kan ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 12, níbi tí ó ga jù kò ju ẹsẹ̀ bàtà méje lọ, kòtò sì wà lára rẹ̀ láti ibì kan dé ibì kejì. Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ gbà pé àwọn ọmọ onílẹ̀ ni ó mọ ọ́n ní nǹkan bí 1,500 ọdún sẹ́yìn. Àwọn kan ní ogun ni wọ́n mọ ọ́n fún, àwọn mìíràn ní ìjọsìn ni. Ẹ má ṣe gun odi náà, ẹ má ṣe ṣí òkúta rẹ̀ nípò, ẹ má sì mú òkúta kan lọ sílé. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí odi Stone Mountain ti kọ́ wa lọ́gbọ́n.

Ẹ ó gbọ́ ìtàn mìíràn níbẹ̀. Wọ́n ní Madoc, ọmọ ọba ilẹ̀ Wales, wa ọkọ̀ ojú omi dé Amẹ́ríkà ní ọdún 1170, àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ó sì mọ odi. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti gba agbára ni lẹ́tà tí John Sevier, tí ó ti jẹ gómìnà Tennessee, kọ ní ọdún 1810, pé olórí Cherokee kan, Oconostota, ni ó sọ ọ́ fún òun ní ọdún 1782. Ẹ wò ó: ohun tí a ní ó ṣẹlẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún 12, tí a gbọ́ lẹ́nu ẹnìkan ní 600 ọdún lẹ́yìn rẹ̀, tí ẹni tí ó gbọ́ ọ kò sì kọ ọ́ sílẹ̀ àfi lẹ́yìn ọdún 28. Àwọn mìíràn ní àwọn ará Sípéènì tí ó bá de Soto wá ní ọdún 1540 ni ó mọ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ni àwọn yẹn kò dúró pẹ́ ní agbègbè náà. Àwọn kan tún ń sọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn funfun kan tí ojú wọn kì í ríran lọ́sàn-án, àfi lóru.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí ni ó dé tí ẹnikẹ́ni fi yá láti jẹ́ bàbá odi yìí, yàtọ̀ sí àwọn tí a bá lórí ilẹ̀? Àwa mọ ìdí rẹ̀, nítorí pé a ṣe irú rẹ̀ fún wa. Ní ọdún 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀, orírun ọmọ Oòduà, ó rí àwọn orí amọ̀ àti orí idẹ Olókun tí ó dán bí ojú alààyè, ẹnu yà á, ó sì kéde pé iṣẹ́ àwọn ará Atlantis ni, ìlú àtijọ́ tí àwọn ará Gíríìkì ní ó rì sínú òkun. Kò wá sí i lọ́kàn pé bàbá àwọn tí ó gbà á lálejò ni ó ṣe é. Nígbà tí a sì hú àwọn orí mìíràn jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní ọdún 1938, ọwọ́ ẹni tí ó ṣe wọ́n túbọ̀ hàn. Ẹni tí a ti gba iṣẹ́ bàbá rẹ̀ fún àjèjì rí kò gbọdọ̀ dúró lórí Fort Mountain kí ó máa gba iṣẹ́ bàbá ẹlòmíràn fún àjèjì. Bí àwọn ọmọ bá fẹ́ràn ìtàn Madoc, ẹ sọ ọ́ fún wọn bí àlọ́, kí ẹ sì sọ fún wọn pé àlọ́ ni.

Ní ṣóńṣó òkè, ilé ìṣọ́ òkúta kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ tí ìjọba gbà síṣẹ́ kọ́ ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí iṣẹ́ wọ́n ní Amẹ́ríkà. Òkúta kan tí a gbẹ́ bí àmì ìfẹ́ wà lókè fèrèsé rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọdé wá a rí.

Fún ẹni tí ó bá fẹ́ dé ilẹ̀ àwọn Cathar

Ọkọ̀ òfurufú ń lọ tààrà láti Atlanta sí Paris, ọkọ̀ ojú irin sì ń lọ láti ibẹ̀ sí Toulouse àti Carcassonne, níbi tí ẹ lè háyà ọkọ̀. Ẹni tí ó bá ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà níláti gba físà Schengen, bí ó tilẹ̀ ní green card. Kí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù mélòó kan ṣáájú.

Àwọn Cathar gbà pé agbára méjì ni ó ń jà lórí ayé, ọ̀kan rere, ọ̀kan búburú. Àwọn olórí ẹ̀sìn wọn, tọkùnrin tobìnrin, kì í jẹ ẹran, wọn kì í búra, wọn kì í sì í gbéyàwó tàbí lọ́kọ. Ìjọ Róòmù pè wọ́n ní aládàámọ̀, Póòpù Innocent Kẹta sì pe ogun àgbélébùú lé wọn lórí. Ní ọjọ́ 22 oṣù keje, ọdún 1209, àwọn ọmọ ogun náà pa ìlú Béziers run, àwọn Cathar àti àwọn tí kì í ṣe Cathar pọ̀. Montségur, tí gíga òkè rẹ̀ ju mítà 1,200 lọ, ni ó di ibi ìsádi wọn; àwọn ọ̀tá dó tì í láti oṣù karùn-ún ọdún 1243, nígbà tí ó sì ṣubú ní oṣù kẹta ọdún 1244, àwọn tí ó ju 200 lọ kọ̀ láti sẹ́ ìgbàgbọ́ wọn, a sì jó wọn ní ìsàlẹ̀ òkè náà. Quéribus, ilé olódi mìíràn, ṣubú ní ọdún 1255.

Ìbéèrè wa mẹ́ta wúlò níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé ògiri tí ẹ ó bá lórí Montségur lónìí kì í ṣe ti àwọn Cathar. Àwọn tí ó ṣẹ́gun wọn ni ó kọ́ ọ lẹ́yìn tí wọ́n ti wó ti àkọ́kọ́. Odi Carcassonne náà, ọgọ́rùn-ún ọdún 19 ni a tún púpọ̀ rẹ̀ ṣe. Ẹ ó sì gbọ́ ìtàn ìṣúra tí a fi pamọ́ àti ife mímọ́ tí ó sọnù. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Ẹ wo òkúta, kí ẹ bi ọjọ́ orí rẹ̀, kí ẹ tó gbà.

Ètò ìrìn ọjọ́ méjì

Ní ọjọ́ kìíní, ẹ kúrò ní Atlanta ní aago méje òwúrọ̀, kí ẹ lo òwúrọ̀ ní Etowah, kí ẹ jẹun ọ̀sán ní Cartersville, kí ẹ sì lo ìrọ̀lẹ́ ní New Echota. Ẹ sùn ní Calhoun tàbí Chatsworth. Ní ọjọ́ kejì, ẹ wo ilé Vann ní kété tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, kí ẹ gun Fort Mountain kí oòrùn tó kan àtàrí, kí ẹ sì gba ọ̀nà 52 sọ̀ kalẹ̀ sí Ellijay, níbi tí ẹ ó ti ra èso ápù bí ó bá jẹ́ ìgbà ìkórè, kí ẹ tó gba I-575 padà sílé. Ní alẹ́ ọjọ́ kìíní, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ ohun kan tí ó rí tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kí ẹ jẹ́ kí ọmọdé kọ́kọ́ sọ tirẹ̀, kí àgbà sì parí rẹ̀ pẹ̀lú ìtàn ìlú tirẹ̀, bí a ti ṣe tẹ̀ ẹ́ dó àti ẹni tí ó lé wọn débẹ̀.

Ìrìn kan tún kù lẹ́yìn èyí, ẹ má sì ṣe fò ó. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun ń kó àwọn Cherokee ní ọdún 1838, àwọn kan sá wọ inú òkè Smoky, òkè sì gbà wọ́n. Àwọn ọmọ wọn wà níbẹ̀ dòní, ní ìlú Cherokee ní North Carolina, ìrìn nǹkan bí wákàtí mẹ́ta láti Atlanta. Àwọn ẹbí wọn tí a lé lọ ní ìjọba tiwọn ní Tahlequah, ní Oklahoma. Ní ìlú Cherokee yìí, ẹ ó rí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí àwọn fúnra wọn ń darí, ẹ ó rí àmì Sequoyah lára pátákó ojú pópó, ẹ ó sì rí agbọ̀n tí àwọn ìyá wọn ń hun títí di òní. Ẹ sanwó ìwọlé, ẹ ra agbọ̀n náà lọ́wọ́ ẹni tí ó hun ún láìdúnàádúrà ju bí ó ti yẹ lọ, kí ẹ sì bi wọ́n ní ohun tí àwọn bàbá wọn sọ nípa odi Fort Mountain. Bí wọ́n bá béèrè ibi tí ẹ̀yin náà ti wá, ẹ sọ ìtàn Olúmọ fún wọn ní kíkún.